Lẹ́yìn Okùn: Àgbéyẹ̀wò Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ọmọdé Kan Nítòsí Peckham

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ọmọkùnrin mi fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ikọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọdé kan tí pápá rẹ̀ kò jìnnà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Pọ́n-ùn 30 là ń san lóṣù, a sì san pọ́n-ùn 45 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìforúkọsílẹ̀ àti aṣọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe ìgbáradì, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú sì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti gba bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo ti rí níbòmíràn. Ìwà ni mo torí rẹ̀ mú ọmọ mi lọ síbẹ̀, ìwà náà ni mo sì fẹ́ fi díwọ̀n wọn.

Ẹgbẹ́ tí a ti kọ́kọ́ wà ló jẹ́ kí n máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn òbí máa ń dúró yí pápá ká bí ẹni tó ń wo ìjà ní ìgboro, oníkálukú á sì máa pàṣẹ fún ọmọ tirẹ̀. Mo rí bàbá kan tó wọ inú pápá lọ bá rẹfirí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọdún 16 lọ, tó ń na ìka sí i lójú títí omijé fi bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ó dùn mí láti sọ pé èmi náà jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kan ti gba bọ́ọ̀lù kọjá lára ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, inú ti ń bí mi, mo sì ké sí ọmọ mi pé kó gbá a lulẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì ṣe bí mo ṣe wí. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é nìyẹn?" N kò rí èsì kankan fún un, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ní ẹgbẹ́ tuntun yìí, òbí ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé kí wọ́n tó gba ọmọ. A jókòó fún nǹkan bíi wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ka ìlànà ìwà tí àjọ FA, tó ń darí bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ lábẹ́ ètò Respect (Ọ̀wọ̀) fún wa ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí a tó fọwọ́ sí i. Láti ọdún 2008 ni ètò náà ti wà, òbí púpọ̀ tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí láì kà á. Ẹgbẹ́ tuntun yìí ń tẹ̀ lé e ní tòótọ́. Wọ́n ń ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan pápá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn òbí ń dúró sí, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì wà ní òdìkejì, kí ọmọ má baà máa gbọ́ àṣẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A lè pàtẹ́wọ́, a lè kí ọmọ tó ṣe dáadáa kú iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ kankan ibi tí kó gbá bọ́ọ̀lù sí, a kò sì gbọdọ̀ bá rẹfirí sọ̀rọ̀ rárá. Ìyá kan rú òfin yìí lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kọkànlá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rìn yí pápá ká wá bá a, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ìyá náà sì lọ wo ìyókù eré náà láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àjọ FA ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ dé, tí òbí kì í sọ ohunkóhun ju kó pàtẹ́wọ́ lọ, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń dárí ara wọn, wọ́n sì ń bẹ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ṣe àṣìṣe.

Òfin bọ́ọ̀lù ọmọdé fúnra rẹ̀ ń ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ó sì yẹ kí àwa òbí mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ orí tiwọn lọ́dún náà, ọmọ méje sí méje ni, ìṣẹ́jú 25 ni ìdá kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n sì lè mú ọmọ jáde kí wọ́n tún dá a padà wọlé bó ti wù wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ jáde láti ẹnu ilé, àwọn alátakò gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn dé àárín pápá. Wọn kì í tẹ èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ikọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 jáde fún gbogbo ayé, wọn kì í sì í gbé tábìlì líìgì wọn síta. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òfin kan ní líìgì tí a wà: bí ayò mẹ́rin bá ti wà láàárín ẹgbẹ́ méjì, èyí tó ń fìdí rẹmi lè mú ọmọ kan kún ti orí pápá, títí àlàfo náà yóò fi dín kù.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, àwọn tiwa ti gbá ayò márùn-ún wọlé láì jẹ́ kí àwọn kejì rí ẹyọ kan. Ọmọ kẹjọ wọlé sí ọ̀dọ̀ àwọn alátakò, àwọn tiwa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìrẹ́jẹ ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò bú wọn. Ó pè wọ́n wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí eré dúró díẹ̀, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí eré parí nísinsìnyí tàbí kí eré gidi bẹ̀rẹ̀. Ayò márùn-ún sí mẹ́ta ló parí sí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń sáré títí fèrè ìkẹyìn fi dún. Ó rán mi létí ìdí ọpọ́n ayò ní ilé bàbá mi àgbà. Bí ènìyàn bá kọjá tó ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ," wọ́n á dá a lóhùn pé ọ̀ta ló ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ní pápá yìí, ọ̀pẹ ń fọhùn: lẹ́yìn eré, balógun ẹgbẹ́ méjèèjì á sọ ohun kan tó dára tí ẹgbẹ́ kejì ṣe, èyí tó pàdánù ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀ jẹ ọsàn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kejì á sì yan ọmọ kan láàárín àwọn tiwa tó hùwà ọmọlúàbí jù, kí wọ́n so báńdì aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lápá. Ọmọ mi gba báńdì náà lọ́jọ́ tí wọ́n nà wọ́n, nítorí pé ó sọ fún rẹfirí pé ara òun ni bọ́ọ̀lù ti kan kẹ́yìn kó tó jáde. Láti ibẹ̀ ni ayò tó lé wọn jáde ti wá. Mo ti ra bàtà fún ọmọ yìí rí, mo ti ra bọ́ọ̀lù fún un rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun kan tó mú inú mi dùn tó báńdì aṣọ yẹn.

Wọ́n tún máa ń fi ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ kọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ kan sọ pẹ̀nárítì nù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kẹ̀yìn sí i, akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ìtàn Bukayo Saka fún wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí adilémú Ítálì mú pẹ̀nárítì rẹ̀ ní Wembley ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, tí ife Yúróòpù sì bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ bí Gareth Southgate, akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣe gbá a mọ́ra lójú gbogbo ayé, kò sì fi èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn kan bu Saka lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ jọ nínú ìtàn náà. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọmọ tó sọ pẹ̀nárítì nù yẹn ni wọ́n ní kó tún gbá a.

Àbùkù wà. Láti oṣù Kẹta, nígbà tí ìdíje onífe kan sún mọ́, àwọn ọmọ méjì tí ẹsẹ̀ wọn kò yá tó ti ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkókò púpọ̀ níta, bẹ́ẹ̀ ìwé tí a fọwọ́ sí sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò gbá bọ́ọ̀lù dọ́gbadọ́gba. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó ààbò àwọn ọmọ ní ẹgbẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi lóhùn, èyí pẹ́ jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn ṣàṣìṣe, àwọn ọmọ náà sì padà sórí pápá. Ní ìparí sáà, báńdì aláwọ̀ ewé ti di ohun tí wọ́n ń pín kiri kí ó lè kárí, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n lára. Ìwà tí a kò rí kò yẹ kí a máa yìn ín. Bákan náà ni ti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó kọlu ìsìn ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Wọ́n gbìyànjú láti yí i padà, líìgì kò gbà, a sì pàdánù ìsìn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Mo san owó sáà tó tẹ̀ lé e. Òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kó tó san kọ́bọ̀, kó dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, kó sì máa wo ojú wọn nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè lòdì sí ọmọ wọn.