Fort Casey àti Ebey's Landing: ẹ má wo ìbọn tán kẹ́ ẹ máa lọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ sí Fort Casey, ibùdó ológun àtijọ́ kan ní erékùṣù Whidbey, ìpínlẹ̀ Washington, àmọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo débẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, a wo àwọn ìbọn ńlá, a ya fọ́tò, àwọn ọmọ sáré kiri pápá, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa láti Abẹ́òkúta. Ọdún 22 ni Màmá fi ta ìrẹsì fún àwọn sójà ní bárékè Àlàmàlà. Ojú tí wọ́n fi wo ibẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi pátápátá, àwọn ni wọ́n sì jẹ́ kí n rí ohun tí mo ti ń fò dá.

Apá àríwá Seattle là ń gbé. A wa mọ́tò dé Mukilteo, a wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá sí Clinton. Orí omi ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, ó wá ku bí ìṣẹ́jú 45 lórí títì. Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nígbà ooru, ẹ tètè jí, torí ìlà mọ́tò létí omi máa ń gùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún lè gba orí afárá Deception Pass wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Fort Casey, ẹ ó ra Discover Pass, ìwé àṣẹ láti gbé mọ́tò sí páàkì ìpínlẹ̀. Ti ọjọ́ kan jẹ́ dọ́là 10.

Ìparí àwọn ọdún 1890 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibùdó ológun yìí. Admiralty Inlet ló kọjú sí, ẹnu omi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà láti òkun wọlé sí Seattle, Tacoma àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ṣe ní Bremerton. Fort Casey wà lápá ibí, Fort Worden àti Fort Flagler wà lódìkejì, kí ọ̀tá tó bá yọjú lè jẹ iná láti ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí wọ́n ń pè ní Battery Worth, ìbọn méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ ní ínǹṣì 10 ṣì wà lórí ìjókòó wọn. Ẹ dúró tì wọ́n dáadáa. Irú ìbọn yìí, bí wọ́n bá ti yìn ín tán, agbára tó fi ta á sẹ́yìn náà ló máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sẹ́yìn ògiri kọnkéré, bí ẹni bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, á gbé ẹrù wíwúwo kan sókè nínú kòtò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn sójà á tún ki ọta sí i níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ò ti lè rí wọn, wọ́n á tú ẹrù yẹn sílẹ̀, ìbọn á sì tún yọrí. Koríko lásán ni ẹni tó wà lórí omi máa rí. Ọta kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 600.

Kì í ṣe àwọn ìbọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti kó àwọn yẹn lọ tipẹ́. Fort Wint nílẹ̀ Philippines ni wọ́n ti gbé méjèèjì wọ̀nyí wá lọ́dún 1968. Màmá gbọ́ gbogbo àlàyé ọkọ mi, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ìyá Tèmi, ta ni wọ́n wá yìn ín lù?”

“Kò sí, Mà. Wọn ò bá ọ̀tá kankan jà níbí rí.”

Wọ́n fọwọ́ lé irin náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Níbo ni wọ́n ti ń se oúnjẹ?”

Èmi ò bi ara mi ní irú ìbéèrè yẹn rí. Òun ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àwọn ìbọn náà, níbi tí mo ti máa ń kọjá ẹnu ọ̀nà wọn kíákíá nítorí òkùnkùn. Òkùnkùn yẹn pọ̀! Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré sínú ilé, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Kò sí iná kankan níbẹ̀, a ò sì mú tọ́ọ̀ṣì dání, fóònù ọkọ mi la fi ríran. Ògiri tutù bí omi àmù. Fọlá ọmọ ọdún méje pe orúkọ ara rẹ̀, ilé náà pè é padà láti yàrá mẹ́ta, ló bá dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Màmá ń tọ ògiri lọ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, “Inú ibí ni wọ́n ti ń gbé ọta yẹn? Àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ń gbé e o. Àwọn tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi, irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́nu ẹlòmíì nínú wọn.” Látìgbà yẹn, mi ò lè wo ibẹ̀ bí ibi ìṣeré mọ́.

Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú tí ẹ bá gun òkè àwọn ilé kọnkéré náà. Ibi tí irin ìdábùú ò sí pọ̀, ìsàlẹ̀ sì jìn. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà nígbà kan, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1903, wà nítòsí. Ó rẹwà, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, kì í sì í ṣí lójoojúmọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ wa mọ́tò díẹ̀ sí Ebey's Landing. Ibí gan-an ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gun òkè etí òkun lọ, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, oko wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn òkè Olympic sì ń fi yìnyín orí wọn hàn lódìkejì omi. Ẹ ó rí adágún Perego nísàlẹ̀, igi tí omi gbé wá ti funfun kalẹ̀ létí rẹ̀ bí egungun. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ bèbè yẹn, ó máa ń ya lulẹ̀, ẹ má torí fọ́tò súnmọ́ etí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba etí omi padà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 3.5. Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò tí òkun ń kún, kí ẹ wọ bàtà tó le, torí òkúta etí omi máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ò ṣé fojú di, a wọ súẹ́tà lóṣù keje.

Màmá ò bá wa gùn ún. Èmi àti Tèmi lọ, Màmá àti ọkọ mi jókòó sórí ìtì igi nísàlẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín wọn. Nígbà tí a padà, oko ni wọ́n ń wò. “Ilẹ̀ tó dára báyìí, létí òkun, wọn ò kọ́lé sí i?” Ọkọ mi ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀yà Skagit, ọmọ onílẹ̀, ló kọ́kọ́ ni ín, kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Isaac Ebey tó wá gbalẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1850, àti pé ọdún 1978 ni ìjọba sọ agbègbè náà di ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú, kí oko lè máa jẹ́ oko. Màmá ní kó tún un sọ.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bàálù ológun máa ń ṣe ìdánrawò nítòsí Coupeville, ariwo wọn sì le. A ò pàdé wọn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ jòjòló, kó mú ohun ìdílétí dání.

Bí a ṣe ń lọ sílé la rí i pé bárékè àwọn sójà ìgbà yẹn ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Màmá máa padà sí Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn ọmọ yẹn kí àwọn tó lọ, kódà bó jẹ́ láti òkèèrè. Sátidé la tún ń lọ. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ti wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò.