Oògùn Ich-X nínú àpótí ẹja elewéko: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó ní Sùúrùlérè

Nínú àwọn oògùn tí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Èkó ń lò fún àrùn ààmì funfun, Ich-X tí ilé-iṣẹ́ Hikari ń tà ni èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún ẹnikẹ́ni tí ewéko bá kún inú àpótí ẹja rẹ̀. Ní Sùúrùlérè ni mo ti lò ó, nínú àpótí gíláàsì tó ń gba omi lítà 150, tí mo gbin Cryptocoryne sínú yanrìn rẹ̀, tí mo sì so Anubias àti Java fern mọ́ igi tó wà láàárín. Ẹja tó wà níbẹ̀ ni Congo tetra àti tọkọtaya kribensis, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tó jẹ́ ìbátan epìyà, tí odò apá gúúsù Nàìjíríà wa yìí sì jẹ́ ilé rẹ̀. Anubias náà kò jìnnà sílé, nítorí ẹ̀bá odò inú igbó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti ń hù. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé mo ní ẹja láti wò sàn, mo sì tún ní ewéko tó ti ta gbòǹgbò káàkiri tí mi ò fẹ́ kí oògùn bà jẹ́.

Kòkòrò afòmọ́ tó ń fa àrùn yìí ni Ichthyophthirius multifiliis, tí Fouquet ará Faransé fún lórúkọ ní ọdún 1876. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ awọ ẹja ló máa ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹun títí yóò fi tóbi débi pé ojú lásán lè rí i bí hóró iyọ̀ lára ìrù àti lẹbẹ. Ẹja tó bá kó o á máa fi ara ha igi àti òkúta, á pa lẹbẹ mọ́ra, bí ó bá sì ti dé ibi tí ẹja fi ń mí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Nígbà tí kòkòrò náà bá yó, á já bọ́ kúrò lára ẹja, á lẹ̀ mọ́ yanrìn, gíláàsì tàbí ẹ̀yìn ewé, á fi èèpo bo ara rẹ̀, á sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, tí wọ́n lè tó 1,000. Àwọn ọmọ yìí ló ń jáde wẹ̀ nínú omi láti wá ẹja tí wọn yóò wọ̀ lára, bí wọn kò bá sì rí ẹja láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á kú. Nínú omi tó wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 26 Celsius, gbogbo rẹ̀ kì í sábà pé ọ̀sẹ̀ kan kó tó yí po.

Ẹni tí kò bá mọ ìyípo yìí yóò bínú sí oògùn tó dára. Èyí tó wà lábẹ́ awọ ẹja, oògùn inú omi kò lè pa á. Èyí tó ti wọnú èèpo, kò lè pa òun náà. Ọmọ tó ń wẹ̀ káàkiri nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀. Nítorí náà, ààmì funfun lè pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, nítorí àwọn tó ti wà lábẹ́ awọ tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni; bákan náà, ara ẹja lè mọ́ kedere nígbà tí èèpo ṣì kún inú yanrìn, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n bẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáwọ́ dúró ní àsìkò yẹn, tí àrùn á sì padà wá.

Iyọ̀ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, nítorí kò wọ́n. Gíráàmù 2 tàbí 3 sí lítà omi kan ni wọ́n sábà ń lò, àpótí bíi tèmi yóò sì gba gíráàmù 300 sí 450. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àpótí tí kò ní nǹkan mìíràn ju ẹja lọ, ṣùgbọ́n ewéko tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, bíi Cabomba, kì í fara dà á, iyọ̀ kì í sì í fẹ́ lọ pẹ̀lú omi tó ń gbẹ: inú àpótí ni yóò wà títí ẹ ó fi pààrọ̀ omi léraléra. Oògùn oníbàbà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbà máa ń pa edé àti ìṣáwùrú, yanrìn á sì fà á mọ́ra.

Ìgbóná ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo wọn. Bí omi bá wà ní ìwọ̀n 30 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò yìí kò ní lè bímọ mọ́, àwọn tó ń lo ọ̀nà yìí sì máa ń jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Èkó, omi inú àpótí sábà máa ń tó 27 tàbí 28 láìsí hítà rárá, nítorí náà 30 kò jìnnà sí wa. Àìyẹ̀ yẹn gan-an ni ìṣòro. Wọ́n lè mú iná lọ ní agogo méjì òru, hítà á dákẹ́, omi á máa tutù díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á tún gbóná lọ́sàn-án. Irú ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń sọ agbára ẹja di aláìlera níwájú àrùn. Afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tún máa ń dín kù nínú omi gbígbóná: ní ìwọ̀n 25, omi lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 8.3 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n ní 30, kò ju nǹkan bí 7.6 lọ. Cryptocoryne ní tirẹ̀ kò fẹ́ àyípadà òjijì rárá; ewé rẹ̀ á máa rà sínú omi.

Ìgò oníke mílílítà 473 ni mo rà. Formaldehyde àti malachite green ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: èyí àkọ́kọ́ ló wà nínú fọ́málíìnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, èkejì sì jẹ́ aró. Kò sí bàbà nínú rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni mílílítà 5 sí omi gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 10, ìyẹn nǹkan bí lítà 38, lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi àpótí náà. Ẹ jọ̀wọ́, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wí kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi; lítà ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì rántí pé yanrìn àti igi ti gba àyè lára omi. Bí omi bá pé lítà 150, oògùn náà yóò jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 20 lẹ́ẹ̀kan, ìgò kan á sì tó dà ní ìgbà tó ju ogún lọ. Síríńjì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tó tà á fún mi sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣe iyebíye: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ èédú kúrò nínú fílítà yín kẹ́ ẹ tó dà á o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èédú ló máa mu oògùn yín.” Òtítọ́ pátápátá ni.

Aró náà jáde ní àwọ̀ búlúù tó ki, ó yí po lẹ́nu ibi tí fílítà ti ń tú omi jáde, kò sì pẹ́ tí gbogbo omi fi gbà á dé igun. Akọ kribensis ni àrùn náà hàn lára rẹ̀ jù. Gbogbo etí ìrù rẹ̀ ló kún fún ààmì, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ewé Anubias bí ó ti ń kọjá. Ààmì náà kọ́kọ́ pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé lókè, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, etí ìrù á sì fi ihò kéékèèké hàn níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kúrò, kí ibẹ̀ tó san. Mo ń da oògùn náà lọ títí ọjọ́ mẹ́ta fi kọjá tí mi ò rí ààmì kankan mọ́ lára ẹja. Congo tetra kan tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ kú. Àwọn yòókù yè. Ní ti ewéko, Anubias àti Java fern kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Cryptocoryne sọ àwọn ewé rẹ̀ tó ti gbó nù, ṣùgbọ́n ewé tuntun kò dáwọ́ yíyọ dúró. Àwọn ìṣáwùrú ṣì ń rìn lórí gíláàsì. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin oògùn yìí.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní Èkó gbọ́dọ̀ ní ṣáájú ìgò náà fúnra rẹ̀: pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ní bátìrì. Formaldehyde máa ń dín afẹ́fẹ́ inú omi kù, ẹja tí àrùn ti bá ibi tó fi ń mí jà kò sì ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi tọrẹ. Bí iná bá lọ lóru lẹ́yìn tí ẹ ti da oògùn, tí fílítà dákẹ́, ewéko náà kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí nínú òkùnkùn àwọn náà ń mí afẹ́fẹ́ yẹn ni. Irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ wà ní Alaba àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ẹja. Ẹni tó ń fi gáàsì CO2 bọ́ ewéko rẹ̀ yẹ kí ó dá a dúró ní àsìkò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko yóò dẹwọ́ díẹ̀. Mo tún dín wákàtí tí mo ń tan iná sí àpótí kù, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aró malachite green jẹ́.

Oògùn náà ní àléébù tirẹ̀. Ó ń pa láró: gọ́ọ̀mù sílíkónì funfun tó so gíláàsì pọ̀ mọ́ra ní igun àpótí mi ti ní àwọ̀ búlúù tí mi ò rò pé yóò kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi nu ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé ìgò náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá. Ẹ wo bóyá ìdérí rẹ̀ ṣì dì kí ẹ tó sanwó. Fún ẹja tí kò ní ìpẹ́ àti àwọn tetra kéékèèké, irú oògùn yìí lè le, nítorí náà kí ẹ má ṣe kúrò nídìí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, mo rò pé ó sàn ju aró inú ọ̀rá tí àwọn kan ń tà láìsí orúkọ, láìsí ìwọ̀n. Mo rí àpótí ojúlùmọ̀ mi kan ní Yábàá tí wọ́n da irú rẹ̀ sí: kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, olùtajà sọ pé kí ó “bu díẹ̀ sí i”, gbogbo edé rẹ̀ sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó jẹ mí lógún ni ti àwọn tó ń sin àrọ̀ fún jíjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé Ich-X tàbí oògùn oní-malachite green mìíràn lọ sí odò àrọ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò gbà á láàyè fún ẹja tí èèyàn yóò jẹ, nítorí ó máa ń wà nínú ẹran ara ẹja fún ìgbà pípẹ́.

Ìgò mílílítà 473 pọ̀ fún ẹni tí àpótí rẹ̀ kò ju lítà 40 lọ, nítorí nǹkan bíi mílílítà 5 péré ni yóò máa lò lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta dá owó rà á, kí oníkálukú sì ra síríńjì tirẹ̀. Ẹni tí ẹja rẹ̀ kò tíì ṣàìsàn lè kọ́kọ́ na owó náà sórí báàkẹ́ẹ̀tì: bí ó bá ra ewéko tuntun, kí ó fi í sínú omi tí kò sí ẹja fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gbé e wọ inú àpótí. Nínú omi Èkó tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ kòkòrò yòówù tó bá jáde láti ẹ̀yìn ewé yóò ti kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.