Owó jáde lápò mi, ọkọ̀ ogun òfuurufú ò dé

Wọ́n fojú mi rí màbo nínú géèmù yìí lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ogun ìdótì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ti pé, olórí wa ti pín iṣẹ́: àwọn kan á kọlu ẹnubodè ìlú ọba, èmi á fi ọkọ̀ òfuurufú ńlá gba orí odi wọlé. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ń wù mí. Mo fi káàdì sanwó, alẹ́ẹ̀tì báńkì wọlé lójú ẹsẹ̀: owó tí mo fi ń ra dátà oṣù kan gbáko. Mo ṣí èbúté mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jáde, mo tún wọlé, pàbó. Ìlù ogun sì ti ń dún. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo gbé lọ. Wọ́n fi ọfà iná jó o kí n tó dé ìdí odi. Wọ́n ṣẹ́gun wa.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó ní kí n pa fóònù, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún bi mí bóyá mo ti pa fóònù kí n tún un tàn. Mo fi àwòrán alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, tòun ti nọ́mbà ìsanwó. Ó ní kí n lọ bá báńkì mi. Kí ni báńkì fẹ́ ṣe sí i? Owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn! Bí mo ṣe bi í báyìí, ó ti ọ̀rọ̀ pa, wọ́n wá ní kí n fún un ní máàkì. Inú bí mi débi pé oorun dá lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ló dá mi lóhùn. Kò da ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ bò mí. Ó béèrè aago tí mo sanwó, ó béèrè bóyá nẹ́tíwọ̀kì já lásìkò náà. Ó wá a lọ, ó padà wá, ó ní owó dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́, àmọ́ géèmù ò gbọ́ nípa rẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi wọ èbúté níṣojú mi. Kí Ọlọ́run bù kún un.

Ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, háà! Àwọn tó yà á mọ ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gbé e, bíi ti fìtílà bébà Kongming, èyí tí wọ́n máa ń tan iná sí nínú kó lè fò lọ sókè. Níwájú ni àpótí ọfà oníná wà, onígun mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé oyin láyé ìjọba Ming. Mo fà á súnmọ́jú, mo ka ihò rẹ̀: 32, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ogun tí Mao Yuanyi parí ní 1621. Bọ́ǹbù onírin wà nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ìjọba Jin fi gbèjà Kaifeng, olú ìlú wọn, lọ́wọ́ àwọn jagunjagun Mongol ní 1232. Ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí odi sórí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà lẹ máa fi sọ̀ ọ́ nínú géèmù. Tẹ́ ẹ bá koná jù kí ọkọ̀ lè tètè gòkè, ẹ̀tù lè gbiná, kí gbogbo yín jóná sójú ọ̀run. Ọkàn mi ń lù kìkì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń koná yẹn. Kò sí géèmù míì tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Àfi bí wọ́n ṣe tún géèmù ṣe láìpẹ́ yìí. Ọfà ilé oyin ò dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó dé ibẹ̀ á tún sanwó. Ẹ ta nǹkan fún èèyàn tán, ẹ gé e kù, ẹ tún wá ń ta èyí tẹ́ ẹ gé. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ dá ọfà wa padà sí bó ṣe wà, kẹ́ ẹ sì fún ẹgbẹ́ wa ní máàkì ogun tí a pàdánù lálẹ́ Sátidé yẹn. Mo ti béèrè fún un, ẹ ò tíì fèsì.