Ṣé béèlì ni, àbí kí olùjẹ́jọ́ máa retí ìdájọ́ ní ẹ̀wọ̀n Kuje?

Abdulrasheed Maina, tí EFCC fẹ̀sùn owó ìfẹ̀yìntì kàn, jáde pẹ̀lú béèlì lọ́dún 2020. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ló ṣe onídùúró rẹ̀. Maina ná pápá bora; adájọ́ ní kí wọ́n gbé Ndume lọ sí ẹ̀wọ̀n Kuje. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti rí Maina mú.

Tigran Gambaryan, òṣìṣẹ́ Binance, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káràkátà owó kírípítò, kò rí béèlì gbà ní 2024, wọ́n ní ó lè sá. Àìsàn wọ̀ ọ́ lára ní Kuje, kí ìjọba tó wọ́gi lé ẹjọ́ rẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Ta ni yóò dá oṣù wọ̀nyẹn padà fún un?

Béèlì ni tèmi. Ẹjọ́ Orji Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, gba ọdún 12 kí wọ́n tó dá a lẹ́bi, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì tún fagi lé ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí onídùúró rò ó dáadáa o.