Psion Series 5mx: ọdún méjì lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Òṣogbo

Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 1999 ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Òṣogbo. Psion Series 5mx ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Psion, tí David Potter dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1980, ni ó ṣe é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í yé béèrè ohun tí mo ń tẹ̀ nínú ìpàdé, àwọn mélòó kan sì ti ní kí n bá àwọn wá irú rẹ̀. Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wá a, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe bá a, ibi tí ó ti wúlò àti ibi tí ó ti já mi kulẹ̀, nítorí pé ẹrù àlòkù ni, ẹni tí yóò bá sì náwó sórí ẹrù àlòkù yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń rà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rà á fún mi lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó. Nígbà tí a bá pa á dé, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, ìbú rẹ̀ jẹ́ 9, ó sì nípọn díẹ̀ ju 2 lọ. Àpò ẹ̀gbẹ́ dàńṣíkí gbà á láìsí wàhálà. Ìgbà tí a bá ṣí i ni ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń hàn. Bí ìdérí ṣe ń gbéra sókè ni pátákó ìtẹ̀wé ń yọ síwájú fúnra rẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ náà yóò sì fẹ̀yìn tì í, débi pé bí mo bá fi kálámù rẹ̀ tẹ ojú náà, gbogbo rẹ̀ kì í dojú bolẹ̀ sẹ́yìn. Martin Riddiford ni ẹni tí ó gbé bí ó ṣe ń ṣí yìí kalẹ̀, mo sì máa ń ṣí i lásán nígbà mìíràn láti wò ó.

Ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣiṣẹ́ lórí tapúrétà, kí kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní ìlú yìí, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tí ó bá wọ àpò kò ní gba ìka mẹ́wàá láé. Èyí gbà á. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, ó ń rì lábẹ́ ìka, ó sì ń dá ìka padà, nítorí náà mo lè máa wo ojú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé nígbà tí ọwọ́ mi ń kọ ohun tí ó ń sọ. Mo ti gbìyànjú irú iṣẹ́ yẹn lórí fóònù rí. Kò ṣeé ṣe. Ènìyàn yóò tẹ orí ba, yóò máa wá lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yóò sì ti kọjá lọ kí ó tó rí i.

Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ mìíràn ju eérú àti dúdú lọ. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, níbi tí ojú fóònù ti máa ń ṣú, ó ń hàn kedere, ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó ń nira láti kà, iná aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni a ó sì ní láti tàn. Kò ní WhatsApp, kò sì sí ẹni tí yóò pè mí lórí rẹ̀. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì tí ó ń tan án, ibi tí mo ti dá ọ̀rọ̀ dúró lánàá gan-an ni yóò ṣí sí, kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ti lo Nokia 6600 rí ti bá ìran rẹ̀ pàdé láìmọ̀, nítorí pé EPOC, ètò tí ó ń darí Psion yìí, ni wọ́n tún ṣe tí ó fi di Symbian, èyí tí Nokia fi darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń fi ṣe jù ni ti Sheet, ìyẹn ìwé ìṣirò inú rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ 64 ni wá. Ìlà kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, owó tí ó ń dá, owó tí ó yá, èlé, àti orúkọ àwọn onídùúró rẹ̀. Bí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́ akápò ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, àpapọ̀ yóò sì yí padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ni mo ń dà á kọ sínú ìwé ńlá. Agenda ni ó ń rán mi létí ọjọ́ tí owó yíyá bá pé. Ó ń dún bí aago ìjí, kódà nígbà tí mo bá ti pa á dé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún tí ó kọjá, a wà ní ìpàdé ní Alékúwodò, òjò ń rọ̀, iná sì ti lọ láti òwúrọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí akápò gbé wá ti kú. Ìyá kan tí ó jẹ́ aláró dìde pé òun ti san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ní ìpàdé kejì oṣù kejì, ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ owó òun. Mo wo ìwé ńlá, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣí Psion, mo wá orúkọ wọn, mo tan iná aláwọ̀ ewé náà, mo sì gbé e lọ síbi tí wọ́n jókòó sí. Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó, ọjọ́ ìpàdé rèé, owó yín rèé, 5,000.” Wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà náà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá báyìí, kí n máa wò yín.” Èmi ni mo fo ìlà wọn nígbà tí mo ń dà á kọ. Ká ní ìwé nìkan ni mo gbára lé ni, owó ìyá yẹn ì bá ti wọmi.

Ohun tí ó dùn mí jù lọ nípa rẹ̀ ni pé kò lè kọ èdè wa pé. Lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n kó sínú rẹ̀, nítorí náà ó mọ á àti à, é àti è, ó àti ò, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ, kò sì ní àmì náírà; N lásán ni mo ń kọ síwájú owó. Ẹni tí ó bá ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ní Yorùbá yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. “Owó” àti “ọwọ́” di ọ̀kan náà, “oko” àti “ọkọ” di ọ̀kan náà, ẹni tí ó ń ṣe nǹkan àti ẹni tí ó ń se nǹkan kò sì yàtọ̀ mọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi kọ àkọsílẹ̀ tí èmi fúnra mi ń kà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi.

Nígbà tí ó yá ni mo rántí pé Yorùbá kò lo q, kò lo x, kò sì lo z. Láti ọjọ́ náà ni q ti di ẹ lọ́wọ́ mi, tí x di ọ, tí z sì di ṣ. Bí mo bá fẹ́ kọ “ọwọ́”, xwx/ ni mo ń tẹ̀, kí ìlà tí ó dà síwájú yẹn dúró fún àmì òkè. Fún “ọ̀wọ̀”, x\wx\ ni. Bí mo bá délé, kọ̀ǹpútà ńlá ni mo fi ń pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, Azeez di Aṣeeṣ, Razaq sì di Raṣaẹ nínú ìwé tí mo ti tẹ̀ jáde fún alága, mo sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Àsíìsì àti Ràsáàkì ni mo ń kọ báyìí, bí a ṣe ń pè é nílé gan-an, ojú ẹsẹ̀ ni ó sì ti ń lọ dáadáa. Ọjọ́ oṣù náà kò gbọdọ̀ ní ìlà dídà nínú. Àmì ìdánudúró ni mo ń fi sí i.

Bátìrì kékeré méjì ni ó ń lò, irú èyí tí a ń fi sí aago ara ògiri, tí wọ́n kọ AA sí lára. Èyí ni ó mú kí ó bá ìlú tí iná kò dúró sójú kan mu, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ṣáájì, kò sì sí ẹni tí yóò ta jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Bí mo bá ra èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára, ó ń gbé mi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú bí wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, bí n kò bá tan iná inú rẹ̀ púpọ̀. Àwọn bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí ó kún orí àtẹ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n dán an wò.

Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ bátìrì yìí kan náà ni ewu rẹ̀ wà. Mẹ́gábáìtì 16 tí ó fi ń pa nǹkan mọ́, iná ni ó fi ń mú un dání. Bí iná bá tán pátápátá, gbogbo ohun tí a kọ sí i yóò parẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi bátìrì kẹta sínú rẹ̀, èyí tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032, kí ó máa ṣọ́ ilé nígbà tí a bá ń pààrọ̀ àwọn méjì ńlá. Tèmi ti kú láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo yọ méjì ńlá, mo fi tuntun sí i, mo tan án, ó sì ṣí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó ń bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá ni ó bá a lọ, èyí tí mo fi ìwé ńlá àti káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó jọ padà fún ọjọ́ méjì gbáko. Láti ìgbà náà, mo ra káàdì CompactFlash lọ́wọ́ ayàwòrán kan tí kò lo kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ mọ́, mo sì ń da gbogbo fáìlì kọ sí i ní alaalẹ́ kí n tó sùn. Ohun tí ó bá wà lórí káàdì kì í bá iná lọ.

Àìsàn tí ó ń pa wọ́n jù ni ti wáyà pẹlẹbẹ tí ó so ojú mọ́ ara, tí ó ń ká tí ó sì ń nà nígbàkígbà tí a bá ṣí i. Ní oṣù kẹjọ, ìlà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú tèmi kọjá, lẹ́yìn náà ni ojú náà ṣófo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe ní agbègbè Ọláìyá kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó gbà láti tú u nígbà tí wáyà mìíràn dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sán kan odindi ni ó fi ṣe é, ó to àwọn ìdè rẹ̀ sórí bébà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kò sì sí èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà náà. Àwọ̀ tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ ń bó ní tirẹ̀, ìyẹn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Gbígbé iṣẹ́ láti inú rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà ńlá gba sùúrù. Ètò PsiWin tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ti dàgbà, nítorí náà mo tọ́jú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tí ó ní Windows XP nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, tí kò sì fẹ́ràn kí ó máa wá wáyà kiri, má ṣe rà á.

Mo ti lo Palm m105, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ mìíràn, rí ṣáájú rẹ̀. Ó kéré jù ú lọ, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n kálámù ni a fi ń kọ̀wé sí i lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dára fún ẹni tí nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìpàdé nìkan ni yóò máa kọ. Mo tún yá HP 200LX, tí òun náà jẹ́ kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. DOS, ètò tí ó ń darí rẹ̀, àti Lotus 1-2-3, ìwé ìṣirò inú rẹ̀, wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, oníṣirò owó yóò fẹ́ràn rẹ̀ ju Psion lọ, àmọ́ bọ́tìnì rẹ̀ kò gba ìka mẹ́wàá mi.

Ẹni tí ó bá jẹ́ akọ̀wé, oníròyìn, tàbí olùkọ́ tí ó ń kọ̀wé púpọ̀ níbi tí kò sí iná, mo lè bá a wá Series 5mx láìkọminú. Kí ó ní kí ẹni tí ó ń tà á ṣí i, kí ó sì pa á dé ní ìgbà mẹ́wàá níwájú kámẹ́rà, kí ó wo bóyá ìlà kankan yọ lójú rẹ̀. Kí ó ra CR2032 tuntun kí ẹrù tó dé. Kí ó sì béèrè káàdì mọ́ ọn. Psion kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ láti ọdún 2001, nítorí náà ara àwọn tí ó ti kú ni a ti ń rí ohun tí a fi ń tún èyí tí ó kù ṣe. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi rà mí ní èkejì. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kò lè tàn mọ́, ṣùgbọ́n wáyà ojú rẹ̀ ṣì le, mo sì ti dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá ẹgbẹ́.