Mo tún bash ṣe pẹ̀lú apt: ohun tí mo rí sí i lórí Ubuntu

Bí ẹ bá ń lo Ubuntu, tí dátà yín ò sì pọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ máa lè ṣe update gbogbo kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tún bash ṣe, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀ sínú terminal. Òun nìkan ni mo máa ń fi apt, ètò tí Ubuntu fi ń kó sọ́fítíwia wá, pè:

sudo apt update
sudo apt install --only-upgrade bash

Bash fúnra rẹ̀ ò tó mẹ́gábáìtì méjì. Àkójọ orúkọ package (sọ́fítíwia tí wọ́n ti dì fún apt) tí apt update ń kó wá gan-an ló ń jẹ dátà jù ú lọ, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa ní Kabba níbí, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n apt mọ sùúrù: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ibi tó bá a dé ló ti máa ń tẹ̀ síwájú. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń to package, sudo dpkg --configure -a ló máa ń parí rẹ̀.

Òǹkà ẹ̀dà ló ń da àwọn èèyàn rú. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Egbe pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe update o, àmọ́ ohun tí bash --version ń sọ ò yàtọ̀. Àbí wọn ò tún nǹkan kan ṣe ni?” Mo ní kó tẹ apt changelog bash, kó lè rí àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe rẹ̀. Láàárín ẹ̀dà Ubuntu kan, wọn kì í sábà gbé bash tuntun wá; àtúnṣe ni wọ́n ń rán mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, ìparí òǹkà package nìkan ló ń yí. dpkg -l bash ló ń fi ìyẹn hàn. Ìgbà tó rí nọ́ńbà CVE, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dárúkọ àléébù ààbò, nínú changelog ló tó dákẹ́.

Ẹni tó bá ní bash ò tó ohun tí à ń ná dátà lé lórí, kó rántí Shellshock, àléébù ààbò bash tó jáde síta ní oṣù kẹsàn-án 2014. Stéphane Chazelas ló rí i: bí wọ́n bá fi function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) pamọ́ sínú environment variable (iye tí ètò kan ń gbé fún òmíràn), bash máa ń ṣe àṣẹ yòówù tí wọ́n bá so mọ́ ìdí rẹ̀. Láti 1989 ni àléébù yẹn ti wà níbẹ̀. Àtúnṣe àkọ́kọ́ ò tán an. Tavis Ormandy rí ọ̀nà mìíràn gbà wọlé, ó di CVE-2014-7169, wọ́n sì tún gbé àtúnṣe míì jáde. Ẹni tó ṣe update ẹ̀ẹ̀kan péré, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Ohun tí mi ò fi fún apt ní márùn-ún nínú márùn-ún ni pé kì í sọ fún yín pé terminal tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ ṣì ń lo bash àtijọ́. Ẹ pa á dé kí ẹ ṣí òmíràn, tàbí kí ẹ tẹ exec bash.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá yí padà ni bug. Láti bash 5.1, èyí tó wà nínú Ubuntu 22.04, bí ẹ bá lẹ àṣẹ bíi mélòó kan mọ́ terminal lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá tẹ Enter. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó kọ set enable-bracketed-paste off sínú ~/.inputrc. Èmi fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: mo ń ráyè ka ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, pàápàá bí sudo bá wà níwájú rẹ̀.