Bẹ́líìtì ìdodo ọmọ ọwọ́: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á?

Rọ́bà tó ń fà ni bẹ́líìtì yìí, ó ní tìmùtìmù kékeré rìbìtì láàárín, Velcro sì wà ní ẹ̀yìn. Àwọn tó ń tà á ní bí tìmùtìmù yẹn bá ti tẹ ìdodo tó yọ wọlé, ihò ibẹ̀ á pa dé. Ìràwọ̀ kan la fún un nínú márùn-ún, ọ̀kan náà sì jẹ́ ti rírán rẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó ń mú kí ìdodo yọ ni pé ihò tí ìwọ́ gbà kọjá láàárín iṣan ikùn kò tíì pa dé. Tí ọmọ bá ń ké, ìfun tàbí ọ̀rá á gba ibẹ̀ yọ. Iṣan tó ń dàgbà ló ń pa ihò yìí dé, títẹ̀ ẹ́ láti ìta kò fi kún un. Púpọ̀ nínú wọn ló ń pa dé fúnra wọn kí ọmọ tó pé ọdún 5, pàápàá èyí tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ọmọ tó de bẹ́líìtì á sàn, èyí tí kò dè é náà á sàn, bẹ́líìtì ni wọ́n á wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣì yọ lẹ́yìn ọdún 4 tàbí 5, tàbí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ gan-an, iṣẹ́ abẹ ló kàn.

Nínú ooru, òógùn máa ń dúró sábẹ́ tìmùtìmù, awọ ibẹ̀ á sú, á sì bó. Tí ọmọ bá yí, bẹ́líìtì á sún lọ sí egungun ìhà. Tí wọ́n bá fún un le lẹ́yìn ọmú, ọmọ lè pọ ọmú náà. Owó ẹyọ tí àwọn kan ń fi pílásítà lẹ̀ mọ́ ìdodo kò sàn jù ú lọ. Tí ìwọ́ kò bá tíì já, ẹ má de ohunkóhun lé e rárá: ó fẹ́ atẹ́gùn, kí ẹ sì ká pàmpá sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó bí wa nínú jù ni àwọn tó ń kọ ọ́ sára páálí pé ó wà fún “gbogbo háníà ọmọ”. Háníà ni kí ohun inú ikùn gba ihò yọ kúrò ní àyè rẹ̀, bíi ti ìdodo yìí. Èyí tó ń wú níbi tí itan ti pàdé ikùn, tó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n, kì í pa dé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí kóró ẹpọ̀n gbà sọ̀ kalẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, apá ọ̀tún ló sì máa ń pọ̀ sí. Ìfun lè há síbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ abẹ ni, ẹ má dúró di ìgbà tó bá dàgbà. Ẹ má sì gbára lé títan tọ́ọ̀ṣì sí i láti mọ̀ bóyá omi lásán ni, torí ìfun ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, iná máa ń là á kọjá.

Ti ìfun tó gòkè sínú àyà kò hàn síta, mímí ọmọ ló máa ń le láti ìgbà ìbí. Èyí àti ti ìfun tó wà níta gbangba kò kan bẹ́líìtì rárá, ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀.

Bí wíwú náà bá le, tó ń dun ọmọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ọmọ ń bì èébì aláwọ̀ ewé, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní ohunkóhun jẹ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.